Àgbéyẹ̀wò Orúkọ Náà ‘Ayárabíàṣá’ Nínú Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́-Ẹ̀rọ Kọ̀ǹpútà

Orúkọ tí ó gbajúmọ̀ fún kọ̀ǹpútà nínú ìwé Yorùbá ni ẹ̀rọ ayárabíàṣá. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀ wò ni bóyá orúkọ náà wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bí a ṣe ń ṣe é.

Bí a bá fi orúkọ náà wé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àlébù rẹ̀ yóò hàn. Asọ̀rọ̀mágbèsì sọ iṣẹ́ rédíò, ó sì sọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ: ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Amóhùnmáwòrán náà sọ ohun tí tẹlifíṣọ̀n ń ṣe. Ayárabíàṣá kò sọ iṣẹ́ kankan. Ìyára nìkan ni ó yìn. Oríkì ni, kì í ṣe èdè-ìperí. Àfiwé náà tilẹ̀ lè ṣini lọ́nà: àṣá a máa fi ojú ara rẹ̀ yan òròmọdìẹ tí yóò gbé, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í kọjá ìlànà tí a kọ fún un.

Ipò méjì ni ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ náà: 1 àti 0. Ní 1937, Claude Shannon fi hàn nínú àpilẹ̀kọ oyè rẹ̀ ní MIT, ní Amẹ́ríkà, pé ìṣirò George Boole bá ìṣísí àti ìpadé swíìṣì iná mànàmáná mu. Irú èrò bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ojú mẹ́jọ ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó sì lè dojúdé. Ìdí nìyí tí odù Ifá fi jẹ́ 256, iye kan náà tí bíìtì mẹ́jọ ń fúnni. Èyí kò sọ Ifá di kọ̀ǹpútà, nítorí babaláwo ni ó ń rántí ẹsẹ, òun náà ni ó sì ń túmọ̀ rẹ̀. Ó kàn fi hàn pé ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ nílò kò jìnnà sí àrọ́wọ́tó.

Kò sí ohun tí ó burú bí ará ọjà bá ń sọ pé ayárabíàṣá. Orúkọ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n orúkọ tí kò sọ iṣẹ́ kò lè bí òmíràn. Ta ni yóò yọ orúkọ ìrántí ẹ̀rọ tàbí ti ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ jáde lára àṣá? Bí àwọn tí ń ṣẹ̀dá èdè-ìperí kò bá wo inú ẹ̀rọ kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi ṣe ẹ̀rọ, Yorùbá ni a ó máa fi kì í.