Bá Mi Gbà Á: Ìsúnmọ́ni àti Ìdúró-fún-ni nínú Èdè Yorùbá àti Èdè Faransé

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àtúpalẹ̀ bá, fún, dípò àti lórúkọ, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ń lò nígbà tí ẹnìkan bá ń ṣe nǹkan fún ẹlòmíràn. Mo jiyàn pé bá kì í ṣe avec, kì í sì í ṣe pour. Ohun tí ó ń sọ ni pé ẹnìkan dara pọ̀ mọ́ iṣẹ́ tí ó jẹ́ ti ẹlòmíràn, láì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣìṣe ìtumọ̀ tí èmi fúnra mi ṣe ni mo fi bẹ̀rẹ̀.

1. Ìfáàrà

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni ìyá mi àgbà, Banikanni ní Parakou ni ó sì ń gbé. Nígbà tí ẹsẹ̀ kò gbé e dáadáa mọ́, ó fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi máa lọ gba owó kan tí ó tọ́ sí i. A lọ sí ọ́fíìsì kan láti ṣe ìwé àṣẹ tí àwọn elédè Faransé ń pè ní procuration. Ìyá àgbà kò gbọ́ Faransé, akọ̀wé kò gbọ́ Yorùbá. Èmi tí mo ti wà ní ilé-ìwé Faransé láti kékeré ni mo ṣe ògbifọ̀.

Ìyá àgbà ní, "Mo fẹ́ kí ọmọ mi máa bá mi gba owó náà." Mo sọ fún akọ̀wé pé avec moi, ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé ibi tí wọ́n ti ń san owó, wọ́n ní kí ó lọ mú ìyá àgbà wá, nítorí ohun tí ìwé sọ ni pé àwọn méjèèjì ni yóò jọ gbà á.

A padà lọ. Mo ní kí akọ̀wé yí i sí à ma place. Kí ìyá àgbà tó tẹ̀ka, mo ka ìwé náà fún un ní Yorùbá: "dípò mi". Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn. "Mi ò tíì kú o. Ta ni yóò jókòó sí ipò mi?" Ìgbà tí a kọ en mon nom, tí mo sì kà á sí "lórúkọ mi", ni ó tó tẹ̀ka.

Mo mọ gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní èdè méjèèjì. Síbẹ̀, mo ṣì wọ́n túmọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìbéèrè iṣẹ́ yìí ni ohun tí ìyá àgbà gbọ́ tí èmi kò gbọ́.

2. Bá àti fún

Ẹ wo àwọn gbólóhùn yìí:

(1) Mo bá Àlàbí lọ sí ọjà.
(2) Bá mi ra iyọ̀ bọ̀.
(3) Bá mi kí ìyá rẹ.
(4) Bá mi ra bàtà fún ọmọ náà.

Ní (1), ènìyàn méjì ni ó rìn, avec sì bá a mu. Ní (2), ẹni tí a rán nìkan ni yóò lọ. Ẹni tí ó rán an lè wà nílé kí ó máa yan ẹja. Ní (3), ẹni tí ó ń kíni kò sí níbẹ̀ rárá. Ìyẹn ni pé bá ń bá iṣẹ́ lọ níbi tí avec kò ti lè ṣiṣẹ́ mọ́.

Gbólóhùn (4) ni ó ṣe pàtàkì jù, nítorí pé bá àti fún jọ wà nínú rẹ̀, kò sì sí èyí tí ó lè gba iṣẹ́ èkejì ṣe. Fún ń tọ́ka sí ẹni tí bàtà yóò jẹ́ tirẹ̀. Bá ń tọ́ka sí ẹni tí rírà náà jẹ́ ojúṣe rẹ̀. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé, pour ni yóò gbé ẹrù méjèèjì: Achète pour moi des chaussures pour l'enfant. Yorùbá pín pour sí méjì, ó sì fi ìdajì rẹ̀ kan sára avec. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wá ọ̀rọ̀ kan fún ọ̀rọ̀ kan yóò kọsẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọsẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí irú àwọn ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1973, Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọládélé Awóbùlúyì jọ ṣe àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀-ìṣe àsínpọ̀ Yorùbá. Ìwé Carol Lord tí ó jáde ní 1993 fi hàn pé káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó túmọ̀ sí fífúnni a máa di atọ́ka ẹni tí nǹkan wà fún, gẹ́gẹ́ bí ná nínú èdè Éwé. Èyí tí ó túmọ̀ sí wíwà pẹ̀lú ẹni a sì máa di "pẹ̀lú". Àwa akẹ́kọ̀ọ́ máa ń há ọ̀nà méjì yìí sórí, a ó sì fi fún sí ọ̀kan, bá sí èkejì. Àléébù ìpínsọ́tọ̀ yìí ni pé kò fi àyè sílẹ̀ fún (2) àti (3).

Ẹnìkan lè ní bá túmọ̀ sí ìrànlọ́wọ́ nìkan. Ṣùgbọ́n a ń sọ pé "ó bá mi jà", a sì ń sọ pé "ó bá mi wí". Kò sí ìrànlọ́wọ́ níbẹ̀. Èrò tèmi ni pé bá kàn ń mú ènìyàn dé ọ̀dọ̀ ènìyàn; ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tẹ̀lé e ni ó ń sọ ohun tí wọ́n jọ ṣe. Nínú "bá mi ra iyọ̀", èmi ni mo ni iṣẹ́ náà bí n kò tilẹ̀ gbé ẹsẹ̀. Ìwọ ni o wá bá mi nídìí rẹ̀. Nítorí náà ni ìyá àgbà fi yan bá: owó náà àti gbígbà rẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Dípò, ní tirẹ̀, a máa mú ẹnìkan kúrò kí ó tó fi ẹlòmíràn síbẹ̀. Etí ìyá àgbà gbọ́ "ipò" nínú rẹ̀, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ àrólé.

3. Ìsúnmọ́ni àti àṣẹ

Ìsúnmọ́ni àti ìdúró-fún-ni kì í pàdé ní gbogbo èdè. Ní Faransé, inú prope ti Látìnì, tí ó túmọ̀ sí "nítòsí", ni proche àti prochain ti wá. Procurare, "láti bójú tó nǹkan fún ẹlòmíràn", ni ó bí procuration. Wọ́n jọra létí, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ọ tan lè gba procuration rẹ, bí ìwé bá ti pé.

Nínú èdè Lárúbáwá, méjèèjì pàdé. Ní àwọn mọ́ṣáláṣí Parakou, walī ìyàwó ni ó ń fi í fún ọkọ. Òfin ilé-ẹ̀kọ́ Mālik, tí ó gbilẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, béèrè fún un. Ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ni ìsúnmọ́ni: ẹni tí ó sún mọ́ ọmọbìnrin náà ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀ fún un. Wakīl yàtọ̀, ẹni tí a fi nǹkan lé lọ́wọ́ lásán ni. Walī yìí kan náà ni ó di wòlíì lẹ́nu wa, tí ó sì wọ inú Bíbélì Yorùbá tí wọ́n parí ní 1884, fún ẹni tí ó ń gbẹnu sọ fún Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ ìsúnmọ́ni ni Yorùbá fi pe agbẹnusọ, ìyẹn kò sì jìnnà sí ohun tí bá ń ṣe.

4. Ibi tí ìsúnmọ́ni mọ

N kò sọ pé èdè wa mọ́ ju èdè wọn lọ. Yorùbá kò fi gbogbo ara gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tí ó súnmọ́ni. A ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. A tún ní bí ojú bá mọ ojú tán, alárenà a yẹ̀bá. Bá pàápàá lè yí padà sí ẹni tí ó lò ó. Nígbà tí a ń kúrò ní ọ́fíìsì, ìyá àgbà kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Bá mi gbà á o. Mi ò ní kí o bá mi ná an." Ọ̀rọ̀ kan náà ni: nínú èkínní, ìrànlọ́wọ́ ni, nínú èkejì, òfò ni. Ìdí nìyí tí ìwé àṣẹ fi wúlò, tí ó sì fi yẹ kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pé.

5. Ìkádìí

Ní ìlú bíi Parakou, níbi tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò ti gbọ́ èdè tí a fi ń kọ ìwé wọn, ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ ni ògbifọ̀. Mo dábàá ìbéèrè méjì tí irú ògbifọ̀ bẹ́ẹ̀ lè bi ẹni tí ó bá lo bá: Ṣé ẹ̀yin náà yóò wà níbẹ̀? Lẹ́yìn náà, ta ni yóò ni ín? Bí yóò bá wà níbẹ̀, avec tọ́. Bí kò bá ní í sí níbẹ̀, tí nǹkan náà ṣì jẹ́ tirẹ̀, en mon nom ni ó súnmọ́ ọn jù. Fún kíkí, de ma part. À ma place yẹ kí ó dúró de ẹni tí ó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé dípò. Ìbéèrè méjèèjì kò gba ìṣẹ́jú kan. Bí mo bá ti bi ìyá àgbà ní ọjọ́ àkọ́kọ́, a kì bá tí lọ sí ọ́fíìsì náà lẹ́ẹ̀mejì.