Àsọdùn Tí A Fi Aṣọ Sọ: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Moses Ọláìyá Lórí Ìtàgé àti Ẹ̀rọ Amóhùnmáwòrán

Ojú aláwàdà lásán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wo Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, tí tolórí tẹlẹ́mù mọ̀ sí Bàbá Sàlá. Èrò tiwa yàtọ̀ sí èyí. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú iṣẹ́ yìí ni pé ó wà lára àwọn tí ó gba eré oníṣe Yorùbá lọ́wọ́ orin, tí ó sì fi í lé ọ̀rọ̀ ẹnu, ara àti aṣọ lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ olórin ni òun gan-an kí ó tó di òṣèré. Inú ẹgbẹ́ háíláìfù rẹ̀ ni Sunny Adé ti ta jìtá kí ó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó mọ eré Hubert Ògúnǹdé, tí orin ìbẹ̀rẹ̀ àti orin àṣekágbá jẹ́ òpó fún, yóò retí pé orin ni olórin yìí yóò gbé eré tirẹ̀ kà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ Aláwàdà dé orí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán WNTV ní Ìbàdàn, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1959, àyè kò gba ijó gígùn mọ́. Kámẹ́rà a sì máa sún mọ́ òṣèré ju òǹwòran inú gbọ̀ngàn lọ: bí ó bá ṣẹ́jú, wọ́n rí i.

Aṣọ rẹ̀ ni ó yẹ kí a dúró lé lórí. Awò ojú ràgàjì tí kò ní díńgí, táì tí ó tóbi bí ìyẹ́ àwòdì, aago ńlá tí ó sọ di aago ọwọ́. Ohun tí akọ̀wé àti ọ̀gá ọ́fíìsì fi ń ṣe fáàrí ni wọ̀nyí; Bàbá Sàlá mú wọn tóbi títí tí fáàrí náà fi di ẹ̀sín. Àsọdùn ni, àmọ́ aṣọ ni ó fi sọ ọ́. Ẹni tí ó bá ti rí eégún alárìnjó tí ó ń ṣe bí Òyìnbó yóò mọ̀ pé ọgbọ́n yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bí a bá tilẹ̀ fi í wé Charlie Chaplin, ilé ni ó ti jogún rẹ̀.

A kò sọ pé kò ní àbùkù. Ìtàn ahun àgbàlagbà tí ojúkòkòrò kó bá ni ó ń sọ léraléra, àwọn obìnrin inú rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ju ẹni tí ó ń lé kiri lọ. Ṣùgbọ́n nínú Ọ̀run Móoru (1982), tí Ọlá Balógun darí, ìtàn kan náà yìí jinlẹ̀: oníjìbìtì gba owó ahun, ahun sì fẹ́ pa ara rẹ̀. Ẹ̀rín kò tán, àmọ́ ẹ̀rù ti wọ inú rẹ̀. Ó ṣe ni láàánú pé àwọn tí ó jí fíìmù yìí dà kọ ni ó ti òṣèré náà sínú gbèsè. Àwa tí ọjà Alábà kò jìnnà sí ní Ìyànà Ìbà yìí mọ bí ayédèrú àwo ti ń gba iwájú ojúlówó.

Ìwé eré tí a tẹ̀ ni a fi ń kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la, irú Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá. Ẹni tí kò tẹ eré rẹ̀ jáde kì í fi bẹ́ẹ̀ rí àyè. Ọláìyá ti kú ní oṣù kẹwàá 2018. A dábàá pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan da ìran kan nínú eré rẹ̀ kọ láti inú fídíò. Ìwé yóò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní lè gba aago ọwọ́ yẹn. Nítorí náà, kí wíwò ṣáájú kíkọ.