"Wọ́n Kó Wọn, Wọ́n Tà Wọ́n": Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Afinimọ̀nà Nínú Ìrìn-àjò Ọjọ́ Kan sí Etí Òkun Wídà

1. Ìfáárà

Iṣẹ́ yìí jẹ́ àyẹ̀wò ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn afinimọ̀nà tí ń mú àlejò káàkiri ìlú Wídà, ní orílẹ̀-èdè Benin, nínú ìrìn-àjò tí kì í ju ọjọ́ kan lọ. Ìlú yìí, tí àwọn Faransé ń kọ ní Ouidah, tí àwọn onílé sì ń pè ní Glexwe, wà ní nǹkan bí 40 kìlómítà sí ìwọ̀-oòrùn Kútọnu. Láàrin òwúrọ̀ sí ìrọ̀lẹ́, àlejò yóò fọwọ́ kan òjòlá, yóò wọ igbó òrìṣà, yóò wo ilé-olódi àwọn Potogí, yóò gba ẹ̀bá ọ̀sà kọjá, yóò sì dé etí òkun níbi tí ẹrú ti ń wọ ọkọ̀.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ bíi tiwa nínú ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́. Ìdáhùn wa ni pé ọ̀rọ̀ afinimọ̀nà ní gbogbo ohun tí a fi ń dá lítíréṣọ̀ alohùn mọ̀. Apohùn wà níbẹ̀, olùgbọ́ wà níbẹ̀, ojú-agbo wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí à ń tún sọ lójoojúmọ́ sì wà níbẹ̀, tí ìhun rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà bí ẹnu tí ń sọ ọ́ tilẹ̀ yí padà. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀rọ̀ náà kàn wá gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yorùbá. Àwọn òpìtàn ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn ni ó ti Wídà wọ ọkọ̀ ẹrú. Luanda ní Àǹgólà nìkan ni ó ta á yọ ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, pàápàá ní sẹ́ńtúrì 19, ni ó ń sọ èdè tí a fi ń kọ ìwé yìí.

Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé àbùkù ọ̀rọ̀ afinimọ̀nà kò sí níbi tí ojú kọ́kọ́ máa ń lọ, ìyẹn ni dída ẹranko, igbó àti ìyà ẹrú pọ̀ sínú ọjọ́ kan. Inú gírámà ni àbùkù náà wà. Nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ibi kì í sábà ní orúkọ.

2. Ìhun ìrìn-àjò náà

Ojúbọ Dangbe, òrìṣà òjòlá, tí ó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Àgùdà, ni a sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn òjòlá ibẹ̀ kò tóbi, wọn kò sì ní oró. A máa ń gbé wọn kọ́ àlejò lọ́rùn kí ó lè ya fọ́tò. Lẹ́yìn èyí ni igbó Kpassè, níbi tí a ti ń fi ìrókò kan han àlejò pé ọba Kpassè, tí ó tẹ ìlú náà dó, ni ó para dà di igi. Ilé-olódi àwọn Potogí ni ó tẹ̀ lé e. Ọdún 1721 ni wọ́n kọ́ ọ; ọwọ́ Potogí ni ó sì wà títí di 1961, tí ìjọba Dahomey gbà á, tí aṣojú Potogí sì dáná sun ún kí ó tó jáde. Ní 1967 ni ó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Láti ibẹ̀ ni a óò ti bọ́ sí gbàgede Chacha, kí a tó mú ọ̀nà ẹrú pọ̀n, nǹkan bí kìlómítà 4, títí dé Ẹnu-ọ̀nà Àìpadà.

Ó hàn gbangba pé ètò yìí kò tẹ̀ lé bí ìṣẹ̀lẹ̀ ṣe ṣẹlẹ̀ tẹ̀ léra. Bí ọkàn olùgbọ́ ṣe ń yí padà ni ó tẹ̀ lé: ẹ̀rín ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹkún ni a fi ń parí. Ǹjẹ́ kò wá jẹ́ ìwọ̀sí fún àwọn òkú pé ẹni tí ó gbé ejò kọ́rùn rẹ́rìn-ín láàárọ̀ ni yóò dúró níwájú ère àwọn tí a fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè ní ìrọ̀lẹ́? Àwa kò rò bẹ́ẹ̀, nítorí pé òjòlá Wídà kì í ṣe ẹranko lásán. Ìtàn tí a sábà ń sọ lójúbọ náà ni pé nígbà tí ogun lé ọba wọ igbó, àwọn òjòlá jáde, wọ́n sì gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n William Snelgrave, ọ̀gákọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òun fúnra rẹ̀ ń ra ẹrú, sọ ọ́ lọ́nà mìíràn nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1734. Ó ní nígbà tí ogun Agaja, ọba Dahomey, dé ní 1727, òjòlá ni àwọn Hueda gbẹ́kẹ̀ lé láti ṣọ́ odò dípò ọmọ ogun. Àwọn ará Dahomey sọdá, wọ́n sì pa àwọn òjòlá náà jẹ.

Nínú ìtàn kan, òrìṣà gba ọba là. Nínú èkejì, òrìṣà kò lè gba ara rẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ wa láti dá ẹjọ́ láàrin méjèèjì. Ìtàn ẹnu jẹ́ oríkì tí àwọn tí ogun ṣẹ́ ń fi tu òrìṣà wọn nínú, ó sì ní iyì tirẹ̀. Ohun tí ó sọnù nínú rẹ̀ ni orúkọ aṣẹ́gun. Ìdí tí Agaja fi gba etí òkun tilẹ̀ jẹ́ ohun tí àwọn onímọ̀ ń jiyàn lé lórí. Akínjógbìn, nínú ìwé rẹ̀ lórí Dahomey ní 1967, rò pé Agaja kọ́kọ́ fẹ́ dí òwò ẹrú lọ́wọ́ ni. Robin Law àti àwọn mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀. Olùgbọ́ tí kò gbọ́ orúkọ Agaja lójúbọ òjòlá kò lè mọ̀ pé iyàn kankan wà. Nítorí náà, bí a bá sọ ìtàn ejò náà pé, òun gan-an ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ nínú ẹjọ́ tí a óò parí ní etí òkun.

3. Igi Ìgbàgbé

Ibi tí ó máa ń mú àlejò dákẹ́ jù lójú ọ̀nà ẹrú ni ibi tí à ń pè ní Igi Ìgbàgbé. Igi náà kò sí mọ́. Ère ni ó dúró síbẹ̀. Afinimọ̀nà yóò sọ pé ọkùnrin yóò yí igi náà po lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, obìnrin yóò yí i po lẹ́ẹ̀meje, kí wọ́n lè gbàgbé orúkọ wọn, ìlú wọn àti àwọn ará wọn.

Olùgbọ́ tí ó jẹ́ Yorùbá kò lè ṣàìfura sí àwọn òǹkà wọ̀nyí. Nínú àṣà wa àtijọ́, ọjọ́ kẹsàn-án ni à ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ keje ni ti ọmọbìnrin, ọjọ́ kẹjọ sì ni ti ìbejì. Òǹkà tí a fi fún ọmọ ní orúkọ ni igi yìí fi ń gba orúkọ lọ́wọ́ àgbà. A kò sọ pé ọ̀dọ̀ wa ni àwọn Fọ̀n ti rí i, nítorí pé mẹ́sàn-án àti méje ní ìtumọ̀ tiwọn lọ́dọ̀ wọn. Ohun tí à ń sọ ni pé, ní etí tiwa, ìsọmọlórúkọ tí a dojú rẹ̀ dé ni Igi Ìgbàgbé. Gẹ́gẹ́ bí àwòrán-ọ̀rọ̀, ó jinlẹ̀, ó sì dùn.

Àmọ́ àwọn òpìtàn, tí Robin Law jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, ti ṣe iyèméjì sí i, nítorí pé ẹ̀rí tí ó ti ìgbà òwò náà wá kò gbè é lẹ́sẹ̀. Èyí nìkan kò tó láti bu ẹnu àtẹ́ lu ìtàn ẹnu. Ohun tí ó yẹ kí a bi í léèrè ni ohun tí ó ń ṣe fún olùgbọ́. Ó ń sọ fún un pé àwọn tí ó lọ gbàgbé. Ǹjẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí?

Ẹ jẹ́ kí a wo Olúàlé Kòsọ́lá, tí àwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀ sí Cudjo Lewis. Sylviane Diouf, nínú ìwé rẹ̀ ti 2007, fi hàn pé ọmọ Yorùbá ni. Àwọn ọmọ ogun Dahomey ni ó kó o. Wídà ni ó sì ti wọ ọkọ̀ Clotilda ní 1860, pẹ̀lú àwọn bí 110, ní nǹkan bí 50 ọdún lẹ́yìn tí òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀. Ní 1927, nígbà tí Zora Neale Hurston lọ bá a ní Alabama, ọdún 67 ti kọjá. Síbẹ̀ Kòsọ́lá rántí orúkọ rẹ̀, ó rántí àwọn òbí rẹ̀ àti òfin ìlú rẹ̀; ó rántí òwúrọ̀ tí ogun wọ ìlú, ó rántí àhámọ́ tí wọ́n fi í sí ní Wídà, ó sì rántí ẹni tí ó tà á. Ìwé tí Hurston kọ nípa rẹ̀, tí ó ń jẹ́ *Barracoon*, kò jáde títí di 2018.

Àwọn àgbà wa ní ẹni tí ó ṣu ní ń gbàgbé, ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé. Tótó, ó ṣe bí òwe. Àwọn tí ó lọ kò gbàgbé. Bí igi kan bá wà tí ẹnìkan yí po, àfàìmọ̀ kí ó má jẹ́ pé àwa tí a kù sílé ni.

4. "Wọ́n" gẹ́gẹ́ bí ibi ìsápamọ́sí

Nígbà tí ìtàn bá kan kíkó àti títà, gbólóhùn tí a sábà ń gbọ́ lédè wa ni irú èyí: "Wọ́n kó wọn, wọ́n dè wọ́n, wọ́n tà wọ́n." Ọ̀rọ̀-arọ́pò orúkọ kan náà ni ó dúró fún ẹni tí ó de okùn àti ẹni tí a de okùn mọ́, ipò wọn nínú gbólóhùn, àti ohùn nígbà mìíràn, ni ó fi ìyàtọ̀ sáàrin wọn. Èdè Faransé tí ọ̀pọ̀ afinimọ̀nà ń lò ní "on", tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí.

A kò sọ pé kí a má lo "wọ́n" mọ́. Àwa náà lò ó nínú ìwé yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan bá dúró lé e, orúkọ Ghezo, tí Francisco Félix de Souza tì lẹ́yìn tí ó fi jọba ní 1818, yóò pòórá. Orúkọ de Souza fúnra rẹ̀, ọmọ Bahia tí ó kú ní 1849, yóò di orúkọ gbàgede lásán. Àwọn ọ̀gákọ̀ òyìnbó yóò di òjìji. Àwa Yorùbá pẹ̀lú yóò bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè, bẹ́ẹ̀ ogun abẹ́lé tiwa ni ó pèsè ọ̀pọ̀ ẹrú náà. Ìtàn tí à ń sọ ní Àgbádárìgì nípa Ṣèríkí Williams Abass, ẹni tí a tà ní ọmọdé tí ó sì padà di olówò ẹrú, fi hàn pé ẹnìkan ṣoṣo lè jẹ́ "wọ́n" ti ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn àti "wọ́n" ti ìparí rẹ̀. Gbólóhùn aláìlórúkọ kò lè gba irú ìgbésí-ayé bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí a ṣe ẹ̀tọ́ fún afinimọ̀nà. Àárín ọmọ ẹni tí ó tà àti ọmọ ẹni tí a tà ni ó ń gbé; oyè Chacha ṣì wà nínú ẹbí de Souza títí di òní. Nílẹ̀ tiwa náà, èèwọ̀ ni kí a pe ará ilé ẹni ní ọmọ ẹrú. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àmọ́ ìdákẹ́jẹ́ nìkan kọ́ ni ọ̀nà ìpamọ́ra tí lítíréṣọ̀ alohùn mọ̀. Oríkì máa ń dárúkọ akọni, a sì tún máa ka àwọn tí ó pa. Àwọn ọmọ rẹ̀ yóò gbọ́ ọ, wọn kò sì ní sá.

5. Ọ̀sà

Kí a tó dé òkun, a óò gba àárín irà àti ọ̀sà kọjá. Igi tí gbòǹgbò wọn ta yọ lójú omi wà níbẹ̀, lékeléke ń bà, apẹja ń ju àwọ̀n, àwọn obìnrin Djègbadji sì ń se iyọ̀. Ó rọrùn láti ka ibí yìí sí ibi ìsinmi láàrin ọ̀rọ̀ wúwo méjì.

Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ náà ní ọ̀rọ̀ sọ. Wídà kò sí létí òkun gan-an, kò sì ní èbúté. Ìrumi ibẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ ńlá kò lè súnmọ́ ilẹ̀. Ọkọ̀ ojú agbami dúró lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn atukọ̀ tí a háyà láti etí òkun Gánà òde òní ni ó sì ń fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n gbé ẹrú lọ bá a. Nítorí náà, láti ọwọ́ ajagun dé ọwọ́ alájàpá, dé ọwọ́ olùṣọ́, dé ọwọ́ atukọ̀, ọwọ́ púpọ̀ ni ẹrú kan kọjá. Ẹni tí ó bá ṣàlàyé ọ̀sà dáadáa ti ń tú "wọ́n" palẹ̀ nìyẹn, láìbú ẹnikẹ́ni.

6. Ẹnu-ọ̀nà Àìpadà

Ọdún 1995 ni a kọ́ ẹnu-ọ̀nà tí ó dúró létí omi. Orúkọ rẹ̀ jẹ́ òtítọ́ fún ọ̀pọ̀ jù lọ. Síbẹ̀ àwọn kan padà. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Bahia ní 1835, ẹrú tí ó ti di òmìnira padà wá sí Èkó, Àgùéṣì àti Wídà. Àdúgbò Maro ní Wídà wà lára ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí. Ìrìn-àjò tí ó parí síbi ẹnu-ọ̀nà yìí láìgba Maro kọjá ti pa àwọn tí ó lè dá ìtàn padà lẹ́nu mọ́.

7. Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí a ti sọ ni pé òjòlá, ìrókò àti ọ̀sà kò ba ìtàn ẹrú Wídà jẹ́. Ẹ̀rí ni wọ́n bí a bá lò wọ́n bí ẹ̀rí. Ohun tí ń ba ìtàn náà jẹ́ ni gbólóhùn tí kò lórúkọ, àti igi tí ó gbé ẹ̀bi ìgbàgbé ka orí ẹni tí a tà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àṣẹ̀ṣe àwọn baba ńlá tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Àjọ̀dún tí a ṣe ní 1993 àti ètò Ọ̀nà Ẹrú tí UNESCO bẹ̀rẹ̀ ní Wídà ní 1994 ni ó to ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ bí ó ṣe wà yìí. Àwọn Fọ̀n ní ọ̀rọ̀ méjì lójú ọ̀nà náà: Zomaï, ibi tí iná kò gbọdọ̀ dé, àti Zomachi, iná tí kì í kú. Láàrin méjèèjì ni afinimọ̀nà ń rìn lójoojúmọ́. Ohun tí a fi sílẹ̀ fún ìjíròrò yín ni èyí: bí àwa tí a ń kọ́ni ní oríkì kò bá lè bá a wá ọ̀nà láti dárúkọ láìdá ìjà sílẹ̀, ta ni yóò bá a wá a?