Ojú Kọ́ṣẹ́, Ọwọ́ Ńkọ́?

Nígbà tí Kòrónà ti ilé ẹ̀kọ́ pa ní 2020, Getty Museum ní Los Angeles ní kí àwọn èèyàn mú iṣẹ́ ọnà tí wọ́n fẹ́ràn, kí wọ́n fi nǹkan mẹ́ta inú ilé ṣe irú rẹ̀. Àwọn tíṣà sọ ọ́ di iṣẹ́ àṣetiléwá.

Mo fara mọ́ ọn. Ọmọ tó fẹ́ fi ìró ìyá rẹ̀ ṣe aṣọ inú àwòrán gbọ́dọ̀ wo bí aṣọ náà ṣe ṣẹ́ léra, kó wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá. Ojú kọ́ṣẹ́ níbẹ̀.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ ńkọ́? Fọ́tò ò lè sọ fún tíṣà pé amọ̀ ọmọ ti gbẹ jù. Lọ́dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà, ọ̀gá á di ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ mú. Èmi á fún ọmọ ní máàkì ohun tó rí. Ti ọwọ́, ó di kíláàsì.