Ẹ Má Wo Ẹwà Òkun Nìkan

Bí ọdún Àjíǹde tàbí Iléyá bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì, ìbéèrè kan náà ni àwọn ènìyàn máa ń bi mí: “Bọ̀dá oníwèé ìròyìn, etí òkun wo ni ká kó àwọn ọmọ lọ?” Wọ́n rò pé ẹni tó ń fi gègé jẹun kò ní í ṣàì mọ ibi tí fàájì wà. Kò burú. Àwa la kúkú fa ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀. Àwa la máa ń kọ ọ́ pé etí òkun báyìí-báyìí dùn bí oyin, pé ẹja yíyan ibẹ̀ kò lẹ́gbẹ́, pé orin ń dún, pé àga wà lábẹ́ agbòòrùn. Èmi náà ti kọ irú rẹ̀ rí. Mo ń tọrọ àforíjì lónìí.

Ìdí rẹ̀ rèé. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ọmọkùnrin kan wà ní àgbàlá wa tó ń lúwẹ̀ẹ́ bí ẹja. Inú ọ̀sà ló ti kọ́ ọ. Lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì kan, àwa ẹgbẹ́ jọ lọ sí etí òkun. Níbi tó dúró sí, omi ò ju orúnkún rẹ̀ lọ. Ìgbì kan dé, ó gbá a lẹ́sẹ̀. Bí ìgbì náà ṣe ń padà lọ, ó mú un dání. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí i. Bàtà rẹ̀ tó ní kí n bá òun mú lọ́wọ́, ọwọ́ mi ló wà títí a fi délé.

Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè mẹ́ta ni mo fi ń díwọ̀n etí òkun. Ǹjẹ́ ọmọdé lè wọ omi ibẹ̀ kó sì jáde? Ǹjẹ́ ẹni tí kò lówó lè wọlé? Ǹjẹ́ ibẹ̀ á ṣì wà nígbà tí àwọn ọmọ wa bá dàgbà? Ẹ jẹ́ ká fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo àwọn ibi tí à ń yìn, láti Èkó títí dé Lomé.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti Bar Beach ní Victoria Island, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí mọ́. Ìbọn ni àwọn àgbà fi rántí rẹ̀: ní 1971 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í so àwọn adigunjalè mọ́ igi níbẹ̀, tí èrò ń wòran. Àwa tá a dé lẹ́yìn wọn rántí ẹṣin, sùyà, àti àwọn aládùúrà aláṣọ funfun tó ń gbàdúrà létí omi. Olówó àti mẹ̀kúnnù jọ ń tẹ iyanrìn kan náà ni. Ní ti ìbéèrè kejì, Bar Beach gba gbogbo máàkì. Ní ti èkíní, ó fìdí rẹmi pátápátá.

Ní ti ẹ̀kẹta, ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Iyanrìn etí òkun wa kì í dúró lójú kan. Ìgbì ń gbé e láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn tọ̀sán-tòru. Ní 1908, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta wọnú òkun ní ẹnu ọ̀nà Èkó kí ọkọ̀ ńlá lè rọ́nà wọlé. Òkúta náà dá iyanrìn dúró. Apá ìwọ̀-oòrùn ń sanra, Bar Beach tó wà ní ìlà-oòrùn ń rù. Ìjọba ń kó iyanrìn dà síbẹ̀, òkun ń kó o lọ. Nígbà tó yá, wọ́n mọ odi, wọ́n rọ́ iyanrìn ti òkun sẹ́yìn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìlú olówó tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic sórí ibẹ̀. Odi náà ń ṣiṣẹ́ o, n ò ní í purọ́. Ṣùgbọ́n iyanrìn ọ̀fẹ́ ti di ilẹ̀ títà.

Òkúta kan náà ló ṣíji bo Tarkwa Bay. Ọkọ̀ ojú omi la máa wọ̀ débẹ̀, omi rẹ̀ sì tutù lójú. Nínú gbogbo etí òkun Èkó, ibẹ̀ nìkan ni mo ti jókòó tí àwọn ọmọ mi ń ṣeré lómi tí àyà mi ò já. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kìíní 2020, àwọn ológun ojú omi lé àwọn ará ibẹ̀ kúrò nílé, wọ́n ní nítorí àwọn tó ń fọ́ páìpù epo ni. Ẹ rò ó wò ná: àwọn tó mọ omi náà bí ẹní mowó ni wọ́n lé kúrò létí omi.

Ní ọ̀nà Lẹ́kí ńkọ́? Géètì lẹ́yìn géètì ni. Ẹ ó sanwó kẹ́ ẹ tó rí omi, ẹ ó sanwó ibi tẹ́ ẹ gbé ọkọ̀ sí, ẹ ó tún sanwó àga. Owó náà ì bá má dùn mí bó bá jẹ́ pé ẹni tó lè yọ ọmọ nínú omi ni wọ́n fi ń sanwó fún. Níbi kan tí mo dé, àwọn tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ márùn-ún. Ẹni tó ń ṣọ́ omi jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ìrẹsì ló sì ń jẹ. Ọkàn àwọn tó ń dáwó lé etí òkun pàápàá ò balẹ̀: ní 2024, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ń la títì Èkó sí Kàlàbá, wọ́n wó ọ̀pọ̀ ibi ìgbafẹ́ ní etí òkun Landmark.

Ẹ jẹ́ ká wá dorí kọ ìwọ̀-oòrùn. Ní Àgbádárìgì, a ó fi ọkọ̀ kọjá ọ̀sà lọ sí Gberefu, a ó sì fẹsẹ̀ rìn dé ibi tí wọ́n ti ń kó ẹrú sọ́kọ̀. Ní Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin, ọ̀nà bíi kìlómítà mẹ́rin ló ti inú ìlú lọ sí etí òkun, níbi tí wọ́n kọ́ Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ sí ní 1995. Àwọn ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tí wọ́n kó gba etí òkun wọ̀nyí lọ sí Bràsíìlì àti Kúbà. Mo ti rí àwọn tó ń ya fọ́tò níbẹ̀ pẹ̀lú igò ọtí lọ́wọ́. N ò bínú sí wọn. Àwa tá a kọ ọ́ pé ibi fàájì ni la ṣì wọ́n lọ́nà. Ẹ kó ọmọ lọ síbẹ̀ kí wọ́n lọ gbọ́ ìtàn. Ẹ má kó wọn lọ lúwẹ̀ẹ́.

Bó bá jẹ́ ìsinmi gidi lẹ̀ ń wá, ẹ tẹ̀ síwájú dé Grand-Popo. Òkun wà lápá kan, odò Mono wà lápá kejì, igi àgbọn wà láàrin, kò sí ariwo. Ní ti ẹwà, n ò rí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òkun ti jẹ púpọ̀ nínú ìlú àtijọ́ náà, ìgbì rẹ̀ sì le. Ẹ fi ọkọ̀ gbafẹ́ lórí odò, kẹ́ ẹ fi òkun sílẹ̀ fún ojú.

Lomé ló wù mí jù ní ti ìbéèrè kejì. Títì nìkan ló wà láàrin ìlú àti etí òkun. Lọ́jọ́ Sunday, tolówó tòtòṣì ló ń najú lórí iyanrìn. Ṣùgbọ́n ìtàn Bar Beach tún wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí èbúté Lomé ti ṣí ní 1968, iyanrìn ń kó jọ sí ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, òkun sì ń wó ilé onílé ní Agbodrafo àti Aného ní ìlà-oòrùn.

Kí èbúté yẹn tó wà, àti ti Kútọ̀nù tó ṣí ní 1965, ọkọ̀ ńlá kì í lè sún mọ́lẹ̀. Òkèèrè ni wọ́n ń dúró sí, tí ọkọ̀ kéékèèké ń la ìgbì kọjá lọ kó ẹrù wọn. Bí ọkọ̀ onírin bá ń bẹ̀rù omi náà, ta ni ọmọ ọdún mẹ́wàá? Àwọn bàbá wa ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Bí omi bá ń fà yín lọ, ẹ má bá a jà pé ẹ fẹ́ padà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbé yín léfòó, kẹ́ ẹ lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ títí yóò fi tú yín sílẹ̀.

Ìdájọ́ mi nìyí: Tarkwa Bay fún ọmọdé, Lomé fún ìnàjú, Grand-Popo fún ìsinmi, Àgbádárìgì àti Ouidah fún ìrántí. Kò sí ọ̀kan tó gba gbogbo máàkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì ń fi èyí bá àwa akọ̀ròyìn wí pẹ̀lú ìjọba. Ibi tá a bá ń yìn láìbèèrè ẹni tó ń ṣọ́ omi, tí wọ́n bá gbé òkú jáde níbẹ̀, ọwọ́ tiwa náà ò mọ́.

Nítorí náà, ẹni tó bá tún bi mí léèrè etí òkun tó dára lọ́dún tó ń bọ̀, èmi náà á kọ́kọ́ bi í léèrè: ta ni yóò máa wo àwọn ọmọ, tí kò ní í gbójú kúrò lára wọn rárá? Bó bá ti dárúkọ ẹni náà, ìgbà yẹn la ó tó sọ̀rọ̀ ẹja yíyan.