Agbóúnjẹfẹ́gbẹ́gbáwobọ̀: Orúkọ Iṣẹ́ tàbí Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀?

Bí a bá ń wá àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀-orúkọ gígùn nínú èdè Yorùbá, agbóúnjẹfẹ́gbẹ́gbáwobọ̀ kì í gbẹ́yìn. Ìtumọ̀ tí a sábà máa ń fún un ni ẹni tí ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà nílé oúnjẹ. Ìhun ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ta ko ìtumọ̀ yìí.

Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- ni a fi ṣẹ̀dá rẹ̀ láti ara gbé oúnjẹ fún ẹgbẹ́, gbé àwo bọ̀. Ìpajẹ fáwẹ̀lì ló sọ gbé oúnjẹ di gbóúnjẹ, tó sì sọ gbé àwo di gbáwo. Bí a bá fi ohùn ìsàlẹ̀ pè é ní gbàwo, ọ̀rọ̀-ìṣe ti yí padà: gba ni, àwo sì ti ọwọ́ ẹni tó jẹun wá. Èyí ó wù kó jẹ́, àlọ àti àbọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Agbáwo kò ní ju àwo lọ, bí agbọ́tí inú Jẹ́nẹ́sísì 40 kò ṣe ní ju ọtí lọ.

Ẹgbẹ́ gan-an ni kókó. Ẹgbẹ́ kì í ṣe oníbàárà. Àwọn tó jókòó sábẹ́ àtíbàbà níbi ìnáwó nínú aṣọ kan náà ni ẹgbẹ́. Ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún wọn lè jẹ́ ọ̀kan lára wọn, tàbí obìnrin ilé, tí kò retí owó. Bó bá di ọjọ́ ìnáwó tirẹ̀, àwọn náà yóò dìde fún un. Nílé oúnjẹ, owó iṣẹ́ ló wà láàárín wọn. Oníbàárà kò jẹ agbáwo ní gbèsè àwo.

Ìlò náà jẹ́rìí sí i. Ní bùkà, ìyá olóúnjẹ ni à ń pe ẹni tó ni ọjà, nítorí oní- ń tọ́ka sí ẹni tó ni nǹkan. Ọmọbìnrin tó ń bá a gbé àwo ń jẹ́ àǹtí tàbí sisí. Ọ̀rọ̀ gígùn yẹn kì í jáde lẹ́nu àfi níbi tí a bá ti fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, ó yẹ kí atúmọ̀ èdè fi í sí ààyè ẹ̀fẹ̀ àti ti òde ìnáwó, kí ó sì fi agbáwo sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́. Ẹni tó dúró lórí ẹsẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ yẹ fún orúkọ tí a lè kọ sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ láìsí ẹ̀rín.