Kúáńtọ̀mù ní Ẹnuwá: Ọ̀rọ̀ Adé Elépe àti Ìwé Alexander Wendt

Láti ọdún 2015 tí Alexander Wendt ti tẹ ìwé rẹ̀, Quantum Mind and Social Science, jáde ni àwọn onímọ̀ ìbáṣepọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè ti túbọ̀ ń yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn onífísíìsì. Ohun tí Wendt sọ kọjá àfiwé: ó ní iṣẹ́ ọpọlọ ènìyàn gan-an ń tẹ̀lé òfin kúáńtọ̀mù, àti pé ìpinnu ẹ̀dá wà ní ipò púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí ohun kan tó mú un dúró sórí ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ìwé náà ti mẹ́hẹ. Max Tegmark ti ṣe ìṣirò ní 2000 pé irú ipò bẹ́ẹ̀ kò lè pẹ́ nínú ọpọlọ tó ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan. Wendt mọ àtakò yìí, ó sì dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ìrètí pọ̀ nínú ìdáhùn náà ju ẹ̀rí lọ.

Ìtàn kan tó kan Ẹnuwá, iwájú ààfin Ilé-Ifẹ̀, lè dán èrò náà wò. Ní 1903, àríyànjiyàn wà ní Rẹ́mọ bóyá Elépe ní ẹ̀tọ́ sí adé ìlẹ̀kẹ̀. Akárìgbò ní kò ní. Gómìnà Èkó, William MacGregor, ránṣẹ́ pe Ọọ̀ni Adélékàn, Olúbùṣe Kìíní, kí ó wá sọ bó ṣe rí. Ọọ̀ni lọ, ó sì sọ ní Èkó pé adé kò tọ́ sí Elépe. Wọ́n ní kò sí Ọọ̀ni tó rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ rí, àti pé àwọn ọba kan kúrò lórí ìtẹ́ wọn títí ó fi padà dé.

Ọmọlẹ́yìn Wendt lè sọ pé Elépe jẹ́ aládé, kò sì jẹ́ aládé, títí Ọọ̀ni fi la ẹnu. Ó dùn ún gbọ́, kò sì tọ̀nà. Nínú físíìsì kúáńtọ̀mù, ẹnikẹ́ni kì í yan èsì. Bí ó ṣe ṣeé ṣe tó nìkan ni ìṣirò ń sọ. Ọọ̀ni kò ta tẹ́tẹ́. Ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn ìlú aládé ló gbé ìdáhùn rẹ̀ lé. Ìwé tí Wendt fúnra rẹ̀ kọ ní 1999, tó ní bí àwọn ìjọba ṣe ń ka ara wọn sí ló ń sọ wọ́n di ohun tí wọ́n jẹ́, ti tó láti tú ọ̀rọ̀ yìí láìsí kúáńtọ̀mù kankan.

Èrò Niels Bohr, tí Karen Barad tún gbé yẹ̀ wò ní 2007, ló wúlò jù: irinṣẹ́ tí wọ́n fi wọn nǹkan wà lára ohun tí wọ́n rí. Ẹni tó bá ka ìtàn 1903 máa ń tètè dì mọ́ ìdáhùn Ọọ̀ni, a sì fi ṣe ẹ̀rí pé Ifẹ̀ ni orísun adé. Ìbéèrè náà ńkọ́? Ta ló bi í, níbo sì ni? Ní Ẹnuwá, ọ̀rọ̀ adé jẹ́ ọ̀rọ̀ baba àti ọmọ, tí ètùtù, ìbínú àti ìlàjà lè wọ̀. Níwájú gómìnà, ó di bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, tí akọ̀wé ìjọba lè kọ sílẹ̀. Ọlá Ọọ̀ni ga sí i lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ yẹn kan náà ló di ẹlẹ́rìí nínú ilé ẹlòmíràn. Wendt, tó kọ̀wé tó bẹ́ẹ̀ lórí ọpọlọ, kò fi bẹ́ẹ̀ béèrè ẹni tó ni irinṣẹ́.